Ojú Kọ̀ǹpútà Ńlá ní Ọ́fíìsì Àdìkẹ́

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Àdìkẹ́ Adétóyè ti ń tẹ̀wé ní ilé-ìwé girama aládàáni kan lójú ọ̀nà Ojoku, ní Ọ̀fà. Òun ni akọ̀wé wọn. Lẹ́tà ìgbaniwọlé, káàdì èsì ìdánwò, ìwé ìkìlọ̀ fún ọmọ tó ń pẹ́ dé, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, ìbéèrè ìdánwò, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀, Mummy Tófúnmi. Àwọn tíṣà mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé Àdìkẹ́ ló ń jẹ́.

Orí tapuráítà ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń da aṣọ bo ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà wo bọ́tìnì. Àṣà náà mọ́ ọn lára títí dòní. Tó bá ń tẹ̀wé, kì í wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yọjú sí ọ́fíìsì rẹ̀ lè bá a tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìka rẹ̀ ò sì dúró.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lójú. Kì í ṣe òkùnkùn. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka tó lépo kan àárín gíláàsì rẹ̀. Tó bá wo ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé, ọ̀rọ̀ tó ń wò yẹn gan-an ni kì í rí. Àwọn tó yí i ká ló máa ń rí. Ó nu gíláàsì títí. Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gíláàsì nítòsí ọjà, kò yàtọ̀. Nígbà tó yá, ó gbààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ó lọ rí dókítà ojú.

Obìnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó kán nǹkan sí i lójú, ó fi iná wò ó, ó ya àwòrán ẹ̀yìn ojú rẹ̀, ó wá yí àwòrán náà sí i kó lè wò ó.

"Mummy, ẹ wo àárín ibí yìí. Ibí ni èèyàn fi ń kàwé. Ó ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Tojú méjèèjì ni."

"Ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ máa ṣe fún un?"

"Irú tiyín yìí, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè tún un ṣe. Ẹ ò ní fọ́jú o. Ẹ ó máa rí ọ̀nà, ẹ ó máa rí èèyàn, ẹ ó máa dáná fúnra yín. Ìwé ló máa ṣòro. Ẹ máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà ká máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ṣé," ni Àdìkẹ́ wí, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún.

Nígbà tó jáde, ó retí kí àyà rẹ̀ já. Kò já. Ó retí ẹkún, ẹkún ò wá. Ó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní gáréèjì, ó jẹ ẹ́ tán, ó wọ mọ́tò padà sílé. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń kọjá lọ, ó sì rí wọn dáadáa. Ọ̀rọ̀ dókítà wà nínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, kò kàn mọ̀ ọ́n lára.

Ọkọ rẹ̀, Adétóyè, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Iwájú ilé ló wà tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ìwé ló máa ṣòro."

"Oògùn ńkọ́?"

"Wọn ò fún mi ní oògùn kankan."

Adétóyè mú òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú sílẹ̀. "Ṣé ká pe Tófúnmi?"

Olúwatófúnmi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Àkúrẹ́ ni.

"Ẹ má tíì sọ fún un," ni Àdìkẹ́ wí. Ó sì wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Bí wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ, ó máa ń kan Àdìkẹ́ láti ka Bíbélì fún ìjọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Tó bá ti ku ọ̀la, Adétóyè á ka ẹsẹ náà sí i létí nígbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, Àdìkẹ́ á há a sórí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á dìde, á ṣí Bíbélì síwájú, á máa sọ ọ́ láti orí. Kò sẹ́ni tó fura. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan dì mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn, ó ní kò sẹ́ni tó ń kàwé tó yé òun tó tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá náà. Kò dùn mọ́ ọn, kò sì dùn ún.

Ibi iṣẹ́ ni kò ṣe é há sórí. Láptọ́ọ̀pù kékeré ni ilé-ìwé fún un, lẹ́tà ojú rẹ̀ sì dà bí èèrà. Ìka rẹ̀ ṣì mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ tí ìka bá ṣàṣìṣe, kò sí ojú tó máa bá a wò ó. Orúkọ òbí kan di orúkọ ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejìlá di ọjọ́ kọkànlélógún. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí, dá lẹ́tà mẹ́ta padà sí i lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, ó fi bírò pupa yí ibi àṣìṣe ká. Kò bínú. Ó kàn ní, "Mummy Tófúnmi, ẹ sinmi díẹ̀ o, ó ti rẹ̀ yín." Àdìkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ òun ni. Ta ló máa gba akọ̀wé tí kò ríwèé kà síṣẹ́? Kò sọ fún ẹnì kankan.

Tàjùdéèn ló kọ́kọ́ rí i. Òun ni tíṣà kọ̀ǹpútà wọn, ọmọ Ọ̀fà gan-an, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì. Ó gbé ìwé wá sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Àdìkẹ́ tó fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan láptọ́ọ̀pù. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó kí i.

"Mummy, ojú láptọ́ọ̀pù yìí kéré fún yín."

"Ó kéré," ni Àdìkẹ́ wí.

Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wọ inú sítóò ilé-ìwé, ó wú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jáde lábẹ́ àga tó ti kán, irú èyí tí kò ní àpótí lọ́tọ̀, tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ gan-an. Ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà nígbà tí ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò kan ń rọ̀ lọ́dún kan, àrá sán, iná sì gbéra sókè lójijì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí ní kí Tàjùdéèn máa gbé e lọ, kó ṣáà má gbé e padà sọ́dọ̀ òun.

Orí tábìlì Àdìkẹ́ ló ti tú u, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti jáde. Àdìkẹ́ jókòó tì í, ó ń wò ó.

"Ara rẹ̀ ló kú," ni Tàjùdéèn wí. "Ojú rẹ̀ ò kú."

Ó nawọ́ sí ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo kọ́kọ́ rò pé a kàn lè so wáyà láptọ́ọ̀pù yín mọ́ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí ni. Àmọ́ ihò ìjáde ni. Ó ń gbé àwòrán jáde, kì í gbà á wọlé."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Màá yọ ọpọlọ tó jóná yìí kúrò, màá fi òmíràn sí i. Kékeré ni, kò mọ nǹkan kan ṣe ju kó gba àwòrán láti ibòmíràn, kó gbé e fún ojú."

Ó tú ìdè onírin mẹ́rìnlá tí wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, eruku dúdú ló bò ó, ọmọńlé kan sì ti gbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáànù rẹ̀. Ó yọ ọmọńlé náà, ó yọ fáànù, ó yọ bọ́ọ̀dù tó ti jóná. Ẹ̀yìn gíláàsì ojú rẹ̀ ni bébà pélébé kan lẹ̀ mọ́, nọ́ńbà gígùn kan wà lára rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, pé ojú kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù tó bá a mu, àti pé tí wọ́n bá rán èyí tí kò bá a mu wá, kò ní ṣiṣẹ́. Ìkẹjà ló ti ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́. Ọjọ́ kọkànlá ló tó dé gáréèjì Ọ̀fà, nínú páálí tí kò tóbi ju ti bàtà ọmọdé lọ.

Ó so ó pọ̀, ó fi wáyà so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó tan iná. Ojú náà tàn lóòótọ́, àmọ́ gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti dojú rú: funfun di pupa, ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú fọ́tò ìparí ọdún dà bí ewé. Tàjùdéèn pa á, ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì fa irin tín-ínrín kan yọ lára bọ́ọ̀dù, ó tì í bọ ihò kejì. Ó tún tan án. Àwọ̀ ti bọ̀ sípò. Èdè Ṣáínà ni ọ̀rọ̀ tó ń hàn nígbà tó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ó sì ń ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ kó má baà ṣìnà. Nígbà tó ṣe tán, ó fi pákó dí ẹ̀yìn rẹ̀, ó lẹ bọ́tìnì náà mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú téèpù dúdú.

Ó wá so láptọ́ọ̀pù Àdìkẹ́ mọ́ ọn. Ó sọ ẹ̀yìn lẹ́tà di dúdú, ó sọ lẹ́tà di funfun, ó fẹ̀ wọ́n títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tó àtàǹpàkò.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Lóòótọ́ ló rí i. Odindi ìlà kan, lẹ́ẹ̀kan náà, láìfi orí ṣe ọ̀tún ṣe òsì. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Tàjùdéèn dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan. Àdìkẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju pé káàdì kíláàsì mẹ́ta ló kù tí òun ò tíì tẹ̀.

"Ọlọ́run á san án fún ẹ," ó wí. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì.

Láti ọjọ́ náà, àṣìṣe dín kù. Ọ̀gá ò dá lẹ́tà padà mọ́. Wọ́n gbé ojú ńlá náà kọjú sí fèrèsé torí pé ara ògiri tó kọjú sí fèrèsé ni ihò iná wà, Àdìkẹ́ sì ń jókòó kẹ́yìn sí fèrèsé. Ooru kì í jẹ́ kó tì í. Lóde, ẹ̀rọ omi tí àwọn ọmọ ti ń pọn omi wà níbẹ̀, ariwo wọn ló sì máa ń gbọ́ látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde.

Ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kejì ló mú ọ̀rọ̀ wá. Tíṣà ìṣirò wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Màrdíyyàh, ń máàkì ìwé àwọn ọmọ SS2, ló bá rí ohun tí kò yé e. Ìbéèrè kẹta sọ nípa àgbẹ̀ kan tó kó iṣu 48 lọ sọ́jà Ojoku. Àmọ́ àwọn ọmọ mẹ́rìnlá ló bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn wọn pẹ̀lú iṣu 84. Wọ́n ṣe ìṣirò náà dáadáa, ìgbésẹ̀ kan ò yẹ̀, orí 84 ni wọ́n kàn gbé e lé.

Ó lọ gbé ìwé àkọ́tẹ̀ tí Mummy Tófúnmi fún un pé kó bá òun yẹ̀ wò. 84 ló wà níbẹ̀. Bírò pupa òun Màrdíyyàh fúnra rẹ̀ ló fà á kọjá, tó sì kọ 48 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tẹ 84. Ọjọ́rú ni wọ́n tún un ṣe. Ìwé tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn, 48 ló wà lórí gbogbo rẹ̀.

Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. "Ẹ wò ó, sà. Wọ́n ti ṣe é nílé, wọ́n há a sórí. Wọn ò tilẹ̀ ka ìwé tó wà níwájú wọn. Ẹni tó bá rí 84, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rí i, kó tó di Ọjọ́rú."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí pe ìpàdé lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Wọ́n jókòó yíká nínú yàrá àwọn tíṣà. Màrdíyyàh ṣàlàyé tán. Tíṣà kan tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí n má parọ́, sà, ojú tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà Mummy yẹn ni ọkàn mi ń lọ sí. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ó lè máa gbé ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lọ sórí fóònù ẹnì kan."

Orí gbogbo wọn yí sí Tàjùdéèn.

"Ojú lásán ni," ó wí. "Kò ní ibi tó lè fi nǹkan pamọ́ sí. Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò."

"Kí ló wá dé tó o fi ṣe é?" ni ọ̀gá bi í. "Láptọ́ọ̀pù wọn ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ta ló rán ẹ?"

Tàjùdéèn wo ọ̀dọ̀ Àdìkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tètè gbé ojú kúrò. "Mo rí i pé ó kéré fún iṣẹ́ wọn ni, sà."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Ọ̀gá ní kó jókòó sílé láti ọjọ́ Ajé títí òun á fi wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Tàjùdéèn dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó kí wọn, ó jáde. Àdìkẹ́ jókòó síbi tó wà. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí òun sọ, ó sì mọ̀ pé ẹnu òun ò ní ṣí. Ó dà bí ẹni pé ìta ilé ló wà tó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Nílé, ó sọ fún Adétóyè. "Wọ́n ní kí Tàjù lọ jókòó sílé."

"Ṣé òun ló ṣe é?"

"Kì í ṣe òun."

"O mọ ẹni tó ṣe é?"

"N ò mọ̀."

Adétóyè wò ó. "Ṣé o sọ fún wọn ìdí tí ọmọ yẹn fi gbé nǹkan náà fún ẹ?"

Àdìkẹ́ wọ ilé ìdáná lọ. Adétóyè ò tún un bi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kẹ̀kẹ́ tètè gbé e dé ilé-ìwé, àwọn ọmọ ò tíì pọ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí ìwé ìpàdé àwọn òbí tó fi sílẹ̀ láìparí, ó sì jáde lọ fọ ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè. Nínú dúdú ọ́fíìsì rẹ̀, ó rí nǹkan funfun tó ń tàn láti ojú fèrèsé. Kò lè kà á. Àmọ́ ó rí i pé ìlà mẹ́rin ni, pé ìlà kejì gùn ju èkíní lọ, pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lórí ìlà ìkẹyìn.

Tí òun pẹ̀lú ojú tòun bá rí ìyẹn láti ibí, kí ni ojú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ò ní rí?

Omi ń dà sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ti ẹ̀rọ náà pa, ó fi ìró nu ọwọ́, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi ẹ̀rọ omi."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí rò pé páìpù ló tún bẹ́. Ó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Àdìkẹ́ nawọ́ sí fèrèsé.

"Ẹ bá mi ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mi."

Ọ̀gá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ò tilẹ̀ fún ojú pọ̀. "À ń fi àsìkò yìí pe gbogbo òbí àti alágbàtọ́," ó ń kà á lọ, "sí ìpàdé tí yóò wáyé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ ṣeun." Ó bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀rọ omi, ó wo ibi tí àwọn ọmọ máa ń tò sí, ó tún wo fèrèsé. "Háà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ibí ni wọ́n ti rí i, sà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹ pè mí, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó tóbi tó báyìí?"

"Tí kò bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, n ò lè kà á."

"Láti ibí?"

"Láti orí àga mi, sà. Láti ibí tí mo dúró sí yìí, n ò rí ohun tí ẹ kà yẹn rárá." Ohùn rẹ̀ kò yí padà, bó ṣe máa ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó pẹ́ dé ló ṣe sọ ọ́. "Dókítà ní àárín ojú mi ti ń jẹ, kò ní oògùn. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì. N ò sọ fún Tàjù, òun ló fojú ara rẹ̀ rí i. Ó mọ̀, kò sì sọ fún yín níjọ́ Ẹtì."

"Ọdún méjì, Mummy Tófúnmi. Ẹ ò sì sọ."

"Tí mo bá sọ, iṣẹ́ ló máa lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábámijí kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọbìnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì wá, ó kúnlẹ̀ kí wọn, àwọn méjèèjì dá a lóhùn. Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un kó lè pọn omi.

Kó tó di ọ̀sán, Tàjùdéèn ti dé lórí ọ̀kadà. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo tíṣà, ó ní òun kánjú sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ SS2 ò pẹ́ jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò wá a kiri, pé àwọn ń tò fún omi ni, ó sì wà níwájú àwọn gbàgàdà bí pátákó ìpolówó. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, wọ́n pín in láàárín ara wọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n ro gbogbo ẹ̀yìn kíláàsì, kí kíláàsì náà sì tún ìdánwò ìṣirò ṣe.

Ní ti Àdìkẹ́, wọn ò ní kó máa lọ sílé. Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, ó ń yí bírò láàárín ìka.

"Ẹ máa bá wa ṣe lẹ́tà àti káàdì. Ìbéèrè ìdánwò, ẹ jẹ́ ká gbé e fún Màrdíyyàh. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo gbọ́, sà," ni Àdìkẹ́ wí. Kò bínú. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tẹ ìbéèrè wọ̀nyẹn, ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé agbọ̀n sílẹ̀ láti orí.

Tàjùdéèn ló wá yí tábìlì rẹ̀ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fa wáyà iná gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì kí ojú ńlá náà lè kẹ́yìn sí fèrèsé.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?" ni Àdìkẹ́ bi í.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ, Mummy."

"Iṣẹ́ ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Mo mọ̀." Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ṣọ́ńṣó irin de ìdè kan.

"Mo dúpẹ́," ni Àdìkẹ́ wí. Òótọ́ ni, ó dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta tí èèyàn jù sí kànga tí kò gbọ́ ìró omi.

Nígbà tí tẹ́ẹ̀mù kẹta bẹ̀rẹ̀, Màrdíyyàh gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì láti tẹ ìbéèrè, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n lè ti ilẹ̀kùn. Ìka méjì ló fi ń tẹ̀wé, bọ́tìnì sì ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀. Ó wá lẹ́tà tó kàn. Kọ̀. Àdìkẹ́ jókòó lórí àga tirẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn Màrdíyyàh.

"Dìde, jẹ́ kí n jókòó. Ìwọ máa kà á, kó o sì máa wò ó. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Màrdíyyàh dìde. Ó ń kà á láti inú ìwé rẹ̀, ìka Àdìkẹ́ sì ń sáré tẹ̀lé ohùn rẹ̀, ojú Àdìkẹ́ ń wo ògiri.

"Ẹ tẹ mẹ́fà níbi tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ mẹ́sàn-án, ma," ni Màrdíyyàh wí lẹ́ẹ̀kan.

"Ó dáa." Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìwé tí ì bá gba Màrdíyyàh lọ́jọ́ méjì, wọ́n parí rẹ̀ kí wọ́n tó lu aago ìsinmi. Màrdíyyàh sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Àdìkẹ́ jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń gé ilá. Ó pe Tófúnmi lórí fóònù, ó tẹ sípíkà rẹ̀ kí ohùn lè jáde, ó gbé e sórí pèpéle. Wọ́n kí ara wọn. Ó bi í nípa ilé tó gbà, ó bi í bóyá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó sọ fún un. Ó sọ ohun tí dókítà wí, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, bí Daddy ṣe máa ń ka Bíbélì fún òun lọ́jọ́ Sátidé.

Ó wá gbọ́ tí ọmọ náà ń sunkún, ẹkún tó ń gbìyànjú láti gbé mì.

"Mummy, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá sunkún tán ni?"

"Mi ò sunkún," ni Àdìkẹ́ wí.

Tófúnmi tún bú sẹ́kún. Àdìkẹ́ fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù kúrò lórí pèpéle, ó fi í sétí, ó sì ń gbọ́ ẹkún náà bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù. Kò ní kó dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?" ó bi í.